Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Láti Bọ́ládé, Òṣòdì, Nítorí Abẹ́rẹ́ Inú Ojú

Sí Kọmíṣọ́nà fún Ètò Ìlera, Ìpínlẹ̀ Èkó, Aláùsá, Ìkẹjà.
Ẹ̀dà kan fún HEFAMAA, àjọ tó ń ṣàbójútó àwọn ilé ìwòsàn ní Èkó. Ẹ̀dà kan fún NAFDAC, ní Òṣòdì wa níbí.

Ẹ̀yin àgbà wa,

Mo mọ̀ pé ìwé tó ń wọ ọ́fíìsì yín lójúmọ́ pọ̀, síbẹ̀ mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ka tèmi dé òpin. Ọjọ́ kan ń bọ̀ wá bá mi, kò sì jìnnà mọ́. Ẹ ó rí i kí ìwé yìí tó parí.

Opó ni mí, ẹni ọdún 61. Aṣọ ọmọ tuntun ni mo ń tà ní Bọ́ládé: ṣímí, fìlà olówùú, ìbọ̀sẹ̀ tí kò gùn ju àtàǹpàkò lọ, ṣáàlì ìkómọ. Mo ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ọjà ṣì jókòó sórí irin rélùwéè, tí a máa ń kó igbá sáré bí ọkọ̀ bá ti fọn fèrè, kí ìjọba tó wó Òṣòdì ní oṣù kìíní ọdún 2009. Wọ́n wó o, mo kó wọ ṣọ́ọ̀bù, n kò bínú. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn n kò kọ ìwé sí ìjọba rí. Èyí náà, ẹnu mi ló ti ń jáde, ọwọ́ àbíkẹ́yìn mi ló ń kọ ọ́, nítorí ojú ọ̀tún mi kò ríran mọ́, n kò sì fẹ́ ni ti òsì lára.

Ó ti tó ọdún 14 tí mo ti ń bá ṣúgà gbé. Lọ́dún tó kọjá, mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá tẹ́ aṣọ onílà sórí tábìlì, ìlà tí mo mọ̀ pé ó gún a máa wọ́ bí ejò lójú ọ̀tún mi. Dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní ṣúgà ti ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wà ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú jẹ́, omi ń jò láti ara wọn, ibi tí a fi ń ríran kedere gan-an sì ti wú. Ó ní abẹ́rẹ́ kan wà tó lè dá a dúró, Avastin lorúkọ rẹ̀, inú ẹyinjú ni wọ́n sì ń gún un sí, ní ara funfun ojú. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo fẹ́ kó yé yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pé n kò wá fẹjọ́ abẹ́rẹ́ sùn. Lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́ àti ìkejì, ìlà aṣọ ti ń gún padà lójú mi. Òògùn jẹjẹrẹ inú ìfun ni wọ́n fọwọ́ sí i fún ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2004. Àwọn dókítà ojú ló wá rí i pé díẹ̀ bín-íńtín nínú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ojú, owó rẹ̀ sì rọjú ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìwé àwọn òògùn tó yẹ kó wà nílé ìwòsàn gbogbo orílẹ̀-èdè. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi yìí tó torí rẹ̀ sá fún abẹ́rẹ́ ojú, mo ti ṣẹ̀ ẹ́, mo sì ti ṣẹ ara mi.

Ilé ìwòsàn ojú aládàáni kan ni wọ́n ti gún mi. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín, torí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ tẹnu wọn. Orúkọ náà àti ọjọ́ gbogbo wà nínú àpòòwé tí mo lẹ̀ pa, tí mo fi ránṣẹ́ lọ́tọ̀ sí HEFAMAA.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun mí jù lọ ni mo dé yìí, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà àkọ́kọ́ àti ìgbà kejì, kí wọ́n tó gún mi, nọ́ọ̀sì kán omi pupa rúsúrúsú kan sí mi lójú. Áyódíìnì ni. Ó ta mí bí ata rodo. Ojú mi pọ́n di alẹ́, ó ń kùn mí bí ẹni pé iyanrìn wà níbẹ̀. Nígbà tó di ìgbà kẹta, mo di nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mú. Mo ní, “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, dákun, má kán omi yẹn sí mi lójú lónìí. Mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ ìyá tó bí ọ.” Ọmọ dáadáa ni, àánú mi ṣe é. Ó wo dókítà. Dókítà ní kò burú, kó fi òwú nu ìta ojú fún Màmá. Ó fi òwú tó ti tutù sí áyódíìnì nu ìpéǹpéjú mi lẹ́ẹ̀kan, ó sì tán. Jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń pa ojú kú ti wà nínú ojú mi ṣáájú ìgbà náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àní mo gbàdúrà fún nọ́ọ̀sì náà.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọ́n gbà. Ó yẹ kí wọ́n kọ̀ ọ́.

Dókítà kò bo ẹnu. Ó ń sọ fún nọ́ọ̀sì bí gosíló ṣe há a mọ́lẹ̀ ní Òṣòdì Òkè láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì ń gbọ́ èémí rẹ̀ lójú mi tí wọ́n fi irin là sílẹ̀. Igò òògùn tí wọ́n fa tèmi nínú rẹ̀, inú kúlà ni wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n ti gún ìdérí rẹ̀ ṣáájú tèmi, wọ́n lẹ pílásítà mọ́ ọn lórí. Èmi ni mo ṣìkẹsàn-án lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà, igò kan náà ni gbogbo wa.

Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Ọjọ́ Ẹtì dára. Ní Sátidé, ọmọge kan tí oyún rẹ̀ ti tó oṣù mẹ́jọ wá ra ẹrù ọmọ lọ́wọ́ mi, ó ní ṣímí funfun lòun fẹ́. Mo fa ọ̀kan yọ nínú ọ̀rá, mo rí i pé ó ti pàwọ̀ dà, mo dá a padà. Mo fa òmíràn yọ, eérú. Mo fa ẹ̀kẹta yọ, eérú. Mo ti ń ṣépè fún ẹni tó kó ọjà fún mi ní Bàlógun kí ọmọ náà tó ní, “Ìyá, gbogbo wọn ló funfun kẹ̀.” Mo fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, mo fi òsì wo ṣímí náà. Ó funfun báláú. Mo bo òsì, mo fi ọ̀tún wò ó. Eérú. Mo jókòó sórí àpótí, n kò lè sọ̀rọ̀.

Mo pe nọ́ńbà tó wà lára káàdì ilé ìwòsàn náà, wọn kò gbé e. Mo pè é títí di alẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú ẹnì kan gbé e, ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, kí n máa kán òògùn ojú tí wọ́n fún mi, kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Òògùn kíkán yẹn ni mo sì gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni mo ń kán an, bí ẹni ń kírun. Lóru ọjọ́ Ajé, ojú mi ń dùn mí bí ẹni pé wọ́n ń kan ìṣó mọ́ ọn. Ọmọ mi tan iná fóònù sí i, ó kígbe. Ọyún funfun ti jókòó sí ìsàlẹ̀ dúdú ojú mi, bí ògì ṣe ń jókòó sí ìdí ìkòkò.

Nílé ìwòsàn ńlá ti ìjọba tí wọ́n gbé mi dé lọ́jọ́ náà, wọ́n fa omi inú ẹyinjú mi jáde fún àyẹ̀wò, wọ́n sì gún òògùn apakòkòrò méjì sí i, vancomycin àti ceftazidime. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ láti kó ohun tó dà bí funfun ẹyin tútù, tó kún inú ẹyinjú, kúrò, torí kòkòrò ti fi ṣe ilé. Ọlọ́run fún wọn ṣe, wọn kò ní láti yọ ẹyinjú náà sọnù. Ṣùgbọ́n òjìji ọwọ́ nìkan ló ń rí, bí ẹ bá jù ú síwá sẹ́yìn níwájú rẹ̀. Dókítà ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní, “Màmá, ká ní Sátidé lẹ wá ni.” Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó ṣì ń dún létí mi.

Ẹ̀yin àgbà mi, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba ló ṣàlàyé púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fún mi, ó sì tún un sọ títí tó fi yé mi. Ó ní lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ náà ló ń gún púpọ̀ nínú abẹ́rẹ́ ojú, wọ́n sì ń gún un lójoojúmọ́. Ó ní níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é létòlétò, nǹkan bí ẹnì kan nínú abẹ́rẹ́ 2,000 sí 3,000 ni irú ohun tó bá mi yìí ń bá. Nítorí náà, mo mọ̀ pé ó lè jẹ́ pé èmi ni ẹnì kan yẹn, kó jẹ́ pé bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ pé, yóò ṣì ṣẹlẹ̀. N kò lè búra pé ẹnu tí wọn kò bò ni, tàbí igò, tàbí áyódíìnì tí mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má kán. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilẹ̀kùn mẹ́ta ni wọ́n ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì ní kí n máa lọ sùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti áyódíìnì, torí òun ló wà lọ́kàn mi tọ̀sán tòru. Kòkòrò tó máa ń ba ojú jẹ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ara wa ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Wọ́n wà lórí ìpéǹpéjú, wọ́n wà nídìí irun rẹ̀, wọn kì í ṣe wá ní nǹkan kan níbẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá gba àárín wọn kọjá wọ inú ẹyinjú, ó lè tì wọ́n wọlé, inú ẹyinjú kò sì ní ọmọ ogun tó lè bá wọn jà bíi ti inú ẹ̀jẹ̀. Áyódíìnì ló ń pa wọ́n kí abẹ́rẹ́ tó dé. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn dókítà méjì ní Los Angeles, Leonard Apt àti Sherwin Isenberg, fi hàn pé bí wọ́n bá kán an sí ojú, kòkòrò inú rẹ̀ a dín kù gidigidi. Ní ọdún 1991, Speaker àti Menikoff ní New York fi hàn pé àwọn tí wọ́n kán an fún kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún wọn kò ní ọyún inú ojú tó àwọn tí wọn kò kán an fún. Kẹ́ńyà ni wọ́n tún gbé e lọ. Ní ọdún 1995, Isenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ jáde: wọ́n kán an sójú ọmọ tuntun, àwọn ọmọ tó lé ní 3,000 ló wà nínú iṣẹ́ náà, áyódíìnì sì dúró gbọn-in bí òògùn tí kì í jẹ́ kí ojú ọmọ ṣepin. Nígbà tí ọmọ mi kà á fún mi, omi bọ́ lójú mi. Ọmọ tuntun, irú àwọn tí mo ń ta aṣọ wọn láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣòwò, ni wọ́n kán ohun tí èmi àgbàlagbà ní n kò lè fara dà sí lójú.

Ó ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń kán an. Ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó jẹ́, inú ojú gan-an ló sì gbọ́dọ̀ dé, kó wà níbẹ̀ fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú ó kéré tán kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́. Bí jẹ́ẹ̀lì apajú bá ti bo ojú ṣáájú, áyódíìnì kì í lè kan ibi tó yẹ kó kàn. Omi apajú ló dára kí wọ́n kọ́kọ́ kán. Irin tó ń la ojú sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí irun ìpéǹpéjú kan abẹ́rẹ́. Bó bá tán, wọ́n a fi omi mímọ́ ṣan ojú náà dáadáa, títa náà a sì dín kù. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì mi, kò sẹ́ni tó ṣan tèmi. Bóyá ká ní wọ́n ṣàn án ni, n kì bá tí bẹ ẹnikẹ́ni nígbà kẹta.

Òògùn kíkán tí mo ń kán bí ẹni ń kírun ńkọ́? Wọ́n ní kò fi bẹ́ẹ̀ dí ọ̀nà fún ọyún inú ojú. Bí a bá sì ń kán an ní oṣooṣù, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kan dé òmíràn, a máa kọ́ kòkòrò ojú ní agídí, tí òògùn kò fi ní ràn wọ́n mọ́. Owó tí mo fi rà á ju owó áyódíìnì lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Ti ẹnu náà rèé. Kòkòrò kan ń gbé inú ẹnu gbogbo wa, streptococcus ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó kó àkọsílẹ̀ jọ rí i pé ó máa ń wà nínú ojú tó bàjẹ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ju èyí tó bàjẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ojú lọ, òun ló sì ń ba ojú jẹ́ kíákíá jù. Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, gbogbo ènìyàn ló ń bo ẹnu. Nínú yàrá abẹ́rẹ́, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Nígbà kòrónà, gbogbo Bọ́ládé ló ní ìbòmú lápò, a ń tà á lójú títì. Kí dókítà bo ẹnu, kó sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan lórí ojú tó ṣí sílẹ̀, kò ju agbára ẹnikẹ́ni lọ. Aláìsàn náà, kó má fọhùn.

Igò ni mo fi kún un fún NAFDAC. Igò Avastin kékeré, mílílítà 4 ló wà nínú rẹ̀, ohun tí ojú kan ń fẹ́ kò sì ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún mílílítà kan lọ. Ẹ wò ó, igò kan lè tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ìdí tí owó rẹ̀ fi rọjú nìyẹn, ibẹ̀ náà ni ewu rẹ̀ wà, torí kò sí ohun ìpakòkòrò kankan nínú òògùn náà. Bí wọ́n bá gún un láàárọ̀, tí wọ́n tún gún un lọ́sàn-án, tí wọ́n gbé e padà sínú kúlà, ohun tó bá ti wọ̀ ọ́ a máa bí sí i níbẹ̀. Inú òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 sì ló yẹ kó wà. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe ń ṣe wá ní Òṣòdì.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ti ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 2011, ní agbègbè Miami ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 12 ni kòkòrò inú ẹnu tí mo sọ yìí bà lójú jẹ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ Avastin. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀, wọ́n rí i pé ilé òògùn kan ṣoṣo ló pín gbogbo rẹ̀ sínú síríǹjì. Ní Shanghai, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, ènìyàn 61 ló ní ìṣòro lójú lẹ́yìn tí wọ́n fi ayédèrú Avastin gún wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ní ìpínlẹ̀ Punjab ní Pakistan, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ojú wọn fọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kan náà, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ onítọ̀ ṣúgà bíi tèmi. Ìjọba ibẹ̀ dá òògùn náà dúró, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ẹ ṣàkíyèsí pé ní Miami, wọ́n rí ibi tó ti wá nítorí pé àkọsílẹ̀ wà. Nígbà tí mo bèèrè nọ́ńbà igò tí wọ́n fi gún mi, wọ́n ní àwọn kò kọ ọ́ síbì kankan. Ilé àyẹ̀wò NAFDAC tó wà lójú títì Òṣòdì sí Apápá kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo ń rí géètì rẹ̀ bí mo bá wọ ọkọ̀ lọ sí Ìsọlọ̀. Ká ní nọ́ńbà igò wà, ibẹ̀ ni n bá gbé e lọ fúnra mi.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí.

Mo bẹ HEFAMAA kí wọ́n lọ wo ilé ìwòsàn náà, kí wọ́n gbọ́ tèmi, kí wọ́n gbọ́ tiwọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ bèèrè fáìlì mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní àwọn kì í fún ènìyàn. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 fi àyè sílẹ̀ fún aláìsàn láti fẹjọ́ sùn lórí bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀, kí a sì wádìí rẹ̀. Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2018 sì sọ pé àkọsílẹ̀ ìtọ́jú mi, ẹ̀tọ́ mi ni. Mo fẹ́ fáìlì náà. Ẹni mẹ́jọ ló ṣáájú mi lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà, n kò mọ bí ojú wọn ṣe rí lónìí, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún mi bí kò ṣe ẹ̀yin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá wọn rí.

Bí ìwádìí yín bá fi hàn pé wọ́n ṣẹ̀ mí, kí wọ́n dá owó iṣẹ́ abẹ padà fún mi. Owó ọjà oṣù mẹ́rin ló bá a lọ. Bí ó bá sì fi hàn pé wọn kò ṣẹ̀ mí, ẹ sọ ọ́ fún mi lójúkojú, màá gbà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fìyà jẹ ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì yẹn. Àánú ló ṣe é, kò sì sí òfin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó lè fi dá mi lóhùn.

Òfin yẹn gan-an ni mo ń bẹ Kọmíṣọ́nà fún. Kí ó jẹ́ dandan ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ ojú ní Èkó, tìjọba àti aládàáni, pé a kì í gún un láìkán áyódíìnì sínú ojú. Bí áyódíìnì bá lòdì sí ara ẹnì kan ní tòótọ́, kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì lo chlorhexidine tí wọ́n ṣe fún ojú dípò rẹ̀. Kí ẹnu wà ní bíbò. Kí igò tí wọ́n bá fẹ́ pín jẹ́ èyí tí apòògùn pín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tó mọ́, sínú síríǹjì tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ńbà igò sì wọ fáìlì gbogbo ẹni tó bá gba nínú rẹ̀. Mo bẹ yín, kí ẹ kọ ọ́ sínú òfin náà pé bí aláìsàn bá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má kán an, kí wọ́n má gbà fún un. Ìrora a máa mú kí àgbàlagbà sọ ohun tí kò yẹ. Ká ní nọ́ọ̀sì lè tọ́ka sí ìwé lára ògiri, kó ní, “Màmá, Aláùsá ló ní dandan ni, ẹ pẹ̀lẹ́, màá ṣàn án kíákíá,” bóyá ojú ọ̀tún mi ì bá wà lónìí.

Ó ku ohun kan, òun ni mo fi sí ìparí nítorí òun ló lè ṣeé ṣe lọ́sẹ̀ yìí pàápàá. Ẹni tí wọ́n gún lójú, bí ojú náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún sí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tàbí tó pọ́n sí i, tàbí tí ìmọ́lẹ̀ ń gún un lójú, tàbí tó rí i pé òun kò ríran bíi ti àná, ọjọ́ náà ló yẹ kó rí dókítà ojú. Ọ̀la ti pẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ èyí sórí káàdì kan ní Yorùbá, ní Íbò, ní Haúsá àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n fi lé olúkúlùkù lọ́wọ́ kó tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kí nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ènìyàn ń gbé ní Sátidé àti ọjọ́ Àìkú. Kí gbogbo ilé ìwòsàn kéékèèké mọ ibi tí wọn yóò darí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí lóru, kí ibẹ̀ sì gbà á wọlé kí wọ́n tó bèèrè owó.

Ojú òsì mi náà ti ń jò báyìí. Ìlà aṣọ ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ni wọ́n dá fún mi fún abẹ́rẹ́ rẹ̀, ní ilé ìwòsàn ìjọba. Màá lọ. Mo ti sọ fún àbíkẹ́yìn mi tó ń kọ ìwé yìí pé kó tẹ̀ lé mi wọlé, pé bí mo bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ nọ́ọ̀sì nítorí omi pupa yẹn, kó di ọwọ́ mi méjèèjì mú kí wọ́n kán an.

Èmi ni tiyín nítòótọ́, lórí ìkúnlẹ̀,
Oníṣòwò aṣọ ọmọ tuntun, Bọ́ládé, Òṣòdì.